Tẹlifíṣọ̀n Pẹlẹbẹ Ńlá: Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Lò Wọ́n

Páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà: 55, 4K, QLED, 120 V, HDMI. Ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó, èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń dúnàá-dúrà lórí wọn, ṣùgbọ́n ìwé ìlànà tó wà nínú páálí náà kì í sábà sí ní Yorùbá. Iṣẹ́ ìtumọ̀ wá di ti ọmọ ilé, ti aládùúgbò, tàbí ti ògbufọ̀ tí wọ́n sanwó fún. Bí ẹni tó ń túmọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan lò, owó tí wọ́n ti ń tọ́jú fún ọ̀pọ̀ oṣù lè ṣòfò, iná lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, tàbí kí ẹ̀rọ wó lu ọmọ kékeré. Àyọkà yìí yóò gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́nà méjì: ohun tí wọ́n dúró fún nínú ẹ̀rọ, àti bí Yorùbá ṣe ń sọ wọ́n.

1. tẹlifíṣọ̀n, amóhùnmáwòrán

Tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ àyálò tí tọmọdé tàgbà ń lò nílé àti lọ́jà. Amóhùnmáwòrán ni a máa ń bá pàdé nínú ìwé ìròyìn, nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti lẹ́nu àwọn olóòtú ìròyìn. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò díjú: a + mú + ohùn + mú + àwòrán, ìyẹn ni ohun tó ń mú ohùn wá, tó sì ń mú àwòrán wá. Ìpajẹ fáwẹ̀lì ló sọ mú ohùn di móhùn, tó sì sọ mú àwòrán di máwòrán.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra níhìn-ín. Má tó wà nínú amóhùnmáwòrán kì í ṣe ìyísódì. Ṣùgbọ́n nínú asọ̀rọ̀mágbèsì, tí í ṣe orúkọ rédíò, ìyísódì ni má: a + sọ̀rọ̀ + má + gba + èsì, ohun tó ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì. Ohùn kan náà ni, ìtumọ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé amóhùnmáwòrán ni ẹ̀rọ tí kò ní àwòrán.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè dúró fún ẹ̀rọ inú ilé tàbí fún iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni a ní lọ́kàn, kí a sọ ọ́ tán: “ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán”. Irú rẹ̀ ni èyí tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàwà, ọdún 1959. Bí ó bá sì jẹ́ ọjà ni à ń sọ, tẹlifíṣọ̀n ló bá etí mu jù. “Mo fẹ́ ra amóhùnmáwòrán” kò lòdì sí gírámà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìsọ̀ yóò dà bí ẹni tó ń ka ìròyìn.

2. pẹlẹbẹ, tẹ́jú, nípọn

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ní ìgò ńlá nínú, ìgò yìí ló sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ. Tẹlifíṣọ̀n òde òní kò ní ìgò náà mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní pẹlẹbẹ. Ohun pẹlẹbẹ ni ohun tí kò nípọn tó sì ṣeé tẹ́ sílẹ̀ gbalaja. Òwe wa fi í hàn kedere: bí a bá sọ ọ̀bẹ sókè nígbà igba, pẹlẹbẹ ni yóò fi lélẹ̀.

Tẹ́jú yàtọ̀ sí i. Ojú ohun kan ni tẹ́jú ń ṣàpèjúwe, pé kò sí gegele tàbí kòtò lórí rẹ̀, bí a ti ń sọ pé “ilẹ̀ náà tẹ́jú”. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé lára àwọn tẹlifíṣọ̀n onígò tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, àwọn kan wà tí ojú wọn tẹ́jú ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe pẹlẹbẹ. Bákan náà ni a rí tẹlifíṣọ̀n òde òní tí ojú rẹ̀ tẹ̀ sínú díẹ̀: pẹlẹbẹ ni, ṣùgbọ́n kò tẹ́jú.

Nígbà tí ìpolówó bá ń yin ẹ̀rọ pé kò sanra, ẹ má ṣe lo tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó gùn tí kò sì fẹ̀ ni tẹ́ẹ́rẹ́ ń bá lọ, bí ọ̀nà oko tàbí igi. Ẹ má sì ṣe lo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí ó ń mú ẹlẹgẹ́ wá sọ́kàn, bí aṣọ tí òkè rẹ̀ ti gbó. Ẹ sọ pé “kò nípọn”. Ó tó bẹ́ẹ̀.

3. tóbi, fẹ̀, ga

Nọ́ńbà tó tóbi jù lórí páálí ni ìwọ̀n ojú tẹlifíṣọ̀n, íǹṣì sì ni wọ́n fi ń kà á. Láti igun òkè lápá òsì títí dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, nọ́ńbà yìí kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe gíga rẹ̀. Ẹni tó bá túmọ̀ “55” sí “ó fẹ̀ tó íǹṣì 55” ti ṣi onílé lọ́nà. Ìdábùú pàápàá léwu níhìn-ín, nítorí ohun tó lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìdábùú pè. Ẹ sọ ọ́ ní kíkún pé “íǹṣì 55 láti igun dé igun”.

Ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ ní ìwọ̀n 16 sí 9. Láti inú èyí ni a ti lè ṣírò ohun tí yóò gbà lára ògiri:

– Ti íǹṣì 43 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 95, ó sì ga tó 54.
– Ti íǹṣì 55 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 122, ó sì ga tó 68.
– Ti íǹṣì 65 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 144, ó sì ga tó 81.

Ojú nìkan ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Etí ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú wọn. Bí tábìlì bá wà nílẹ̀, ẹ wọn àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó, nítorí lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ńlá, etí lọ́hùn-ún àti etí níhìn-ín ni ẹsẹ̀ wọn wà.

Tóbi ni ọ̀rọ̀ fún ojú lápapọ̀. Íǹṣì 65 fi 10 péré ju 55 lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 tóbi jù ú lọ, nítorí pé fífẹ̀ àti gíga ló jọ pọ̀ sí i. Òǹtajà tó sọ pé “íǹṣì mẹ́wàá ni wọ́n fi jura wọn” kò parọ́. Kò kàn sọ gbogbo rẹ̀ ni.

4. jìnnà

Ibi tí a óò jókòó sí ló yẹ kó pinnu bí ẹ̀rọ yóò ti tóbi tó. Ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé fún tẹlifíṣọ̀n 4K ni kí àga jìnnà sí i ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìwọ̀n igun dé igun. Ẹsẹ̀ bàtà la fi ń díwọ̀n yàrá nílé wa, nítorí náà: íǹṣì 43 ń fẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ààbọ̀, 55 ń fẹ́ nǹkan bí 7, 65 ń fẹ́ nǹkan bí 8. Pálọ̀ tí àga rẹ̀ kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ kò nílò 65, bó ti wù kí òǹtajà yìn ín tó.

Ẹ kíyè sí ìlò: “ó jìnnà sí ògiri” ni a ń wí, kì í ṣe “ó jìnnà láti ògiri”.

5. kedere, ìmọ́lẹ̀, dán

Òǹtajà lè sọ pé àwòrán ẹ̀rọ òun “mọ́ gan-an”. Ọ̀rọ̀ yẹn lè túmọ̀ sí ohun mẹ́ta, iṣẹ́ ògbufọ̀ sì ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni kedere. Àwòrán orí ẹ̀rọ jẹ́ àkójọ àwọn ẹyọ tó kéré jọjọ tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì. Ojú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 1920 × 1080 sí lára ní 2,073,600 wọn; èyí tí wọ́n pè ní 4K ní 3840 × 2160, ìyẹn 8,294,400, tí í ṣe ìlọ́po mẹ́rin. Orúkọ náà, 4K, wá láti inú pé iye tó wà ní ìbú sún mọ́ 4,000. Fún èyí, ẹ lo “ó hàn kedere”. Ṣùgbọ́n bí fíìmù tàbí ìkànnì tí à ń wò kò bá ní ju 1280 × 720 lọ, ẹ̀rọ 4K kò lè dá ohun tí kò sí nínú àwòrán náà. Yóò kàn méfò ohun tó yẹ kó wà láàárín ni.

Èkejì ni ìmọ́lẹ̀, ìyẹn bí iná ojú ẹ̀rọ náà ti pọ̀ tó. Pálọ̀ tí oòrùn ń wọ̀ láti ojú fèrèsé ńlá ń fẹ́ èyí tí “ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀”.

Ẹ̀kẹta ni dán. Bàtà tuntun a máa dán, tábìlì tí a nù a máa dán, oríyìn sì ni fún wọn. Ojú tẹlifíṣọ̀n tó ń dán lè jẹ́ àbùkù, nítorí onílé yóò máa rí fèrèsé àti ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ má ṣe fi dán túmọ̀ ìmọ́lẹ̀ láé.

6. LED, QLED, OLED. Dúdú àti òkùnkùn

Lẹ́tà wọ̀nyí ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí wọ́n jọra. Èyí tí ọjà ń pè ní LED ní awẹ́ kan tí kò lè tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀; iná LED ni wọ́n tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí sí etí rẹ̀. Iná ẹ̀yìn ni orúkọ náà ń sọ, kì í ṣe àwòrán. QLED kò kúrò nínú ìdílé kan náà: iná ẹ̀yìn ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìpele ohun èlò kan sí i tó ń jẹ́ kí àwọ̀ jinlẹ̀ sí i. OLED ló yàtọ̀. Níbẹ̀, píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, ó sì lè kú pátápátá.

Ohun tó tìdí èyí yọ nìyí. Lórí OLED, ibi tó yẹ kó ṣókùnkùn a máa ṣókùnkùn biribiri. Lórí LED àti QLED, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lè máa jò láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n owó LED kì í tó ti OLED, ọ̀pọ̀ QLED sì ń tan ju OLED lọ nínú yàrá tí oòrùn ń wọ̀. Bí àmì ìkànnì kan ṣoṣo bá ń wà lójú kan náà lórí OLED fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, òjìji rẹ̀ lè wà níbẹ̀ títí. Ilé tí ìkànnì ìròyìn kan kì í kúrò lójú ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Fún ìtumọ̀, kí lẹ́tà dúró bó ti wà, nítorí ohun tí oníbàárà yóò rí lórí páálí nìyẹn, kí àlàyé sì tẹ̀ lé e ní Yorùbá: “ẹ̀rọ tí wọ́n tan iná sí ẹ̀yìn rẹ̀” tàbí “ẹ̀rọ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ojú rẹ̀ ń dá tan ìmọ́lẹ̀”. Bí ìpolówó bá sì ń yin bí OLED ṣe ń fi ibi tí kò sí ìmọ́lẹ̀ hàn, ẹ ṣọ́ra fún dúdú. Ní Yorùbá, aṣọ tí a rẹ sínú aró dúdú, ewé tó kún dúdú, ènìyàn a sì máa dúdú tó ń dán. Àìsí ìmọ́lẹ̀ rárá ni à ń sọ níhìn-ín, òkùnkùn sì ni orúkọ rẹ̀.

7. iná

Iná gbòòrò. Ó jẹ́ ohun tí à ń fi dáná, ó jẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó sì jẹ́ agbára mànàmáná. “Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ sún mọ́ iná” lè jẹ́ iná ààrò tàbí ihò iná ara ògiri. Nínú ìkìlọ̀, ẹ sọ irú iná tí ó jẹ́.

Ẹ̀yìn gbogbo tẹlifíṣọ̀n ní àkọlé kan tó sọ iná tó lè gbà. Iná ilé ní Nàìjíríà àti ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 230 fóltì. Ní Amẹ́ríkà, 120 ni. Ní Brasil, 127 ni láwọn ibì kan, 220 sì ni níbòmíràn. Bí àkọlé bá kà pé “100–240 V”, ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ ní gbogbo ibi wọ̀nyí. Bí ó bá kà pé “120 V” nìkan, tí ẹ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà sì fi í ránṣẹ́ sílé, iná ilé yóò bà á jẹ́ bí wọ́n bá kì í bọ ihò iná láìlo ẹ̀rọ tó ń dín fóltì kù. Nọ́ńbà wọ̀nyí kò gba ìtumọ̀ kankan. Ẹ dà wọ́n kọ bí wọ́n ti wà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìlànà ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí DVB-T2 tí à ń lò ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ tó ti ibẹ̀ wá yóò nílò dikódà, okùn HDMI ni wọn yóò sì fi so méjèèjì pọ̀.

Ní ti iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, wáàtì ni wọ́n fi ń kà á. “Jẹ” ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó tọ́: “ó ń jẹ iná púpọ̀”. “Jó” kò tọ́, nítorí “tẹlifíṣọ̀n náà jó” túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ 120 wáàtì, tí a sì ń tàn án fún wákàtí 5 lójúmọ́, yóò lo 0.6 yúníìtì lójúmọ́ lórí mítà, ìyẹn 18 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ amúnáwá tàbí bátìrì fi ìṣirò yìí mọ bí tẹlifíṣọ̀n òun yóò ti pẹ́ tó lálẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé mítà tó ń ka iná àti mítà tí a fi ń wọn ilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu. Gbólóhùn ló ń yà wọ́n.

8. “smart”

Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ti gbìyànjú láti pe irú ẹ̀rọ yìí ní tẹlifíṣọ̀n ọlọ́gbọ́n. Ẹni tí a bá kọ ọ́ fún yóò béèrè pé ọgbọ́n wo ni? Ohun tí à ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà kékeré wà nínú rẹ̀, ó sì lè gba fíìmù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. “Tẹlifíṣọ̀n tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì” yé gbogbo ènìyàn.

Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ kí oníbàárà gbọ́ ohun méjì láti ẹ̀ka iṣẹ́ wa. Àkọ́kọ́, ètò inú ẹ̀rọ a máa gbó ṣáájú ojú rẹ̀. Ọdún lè máa gorí ọdún kí ojú ẹ̀rọ ṣì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kí àwọn tó ṣe é ti dẹ́kun títún ètò inú rẹ̀ ṣe, kí áàpù tuntun má sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Apótí kékeré tí a kì bọ ihò HDMI lè ṣàtúnṣe èyí, nítorí náà kò yẹ kí a fi owó ńlá kún owó ẹ̀rọ nítorí áàpù nìkan. Èkejì ni dátà. Fídíò 4K tó ń gba mẹ́gábíìtì 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo nǹkan bí gígábáìtì 6.75 ní wákàtí kan. Kí ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ mọ èyí kó tó sanwó fún 4K.

9. gbé kalẹ̀, gbé kọ́, so mọ́

Apá yìí ni àṣìṣe ìtumọ̀ ti lè pa ènìyàn. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ńlá ga, ìdí rẹ̀ kò sì wúwo tó ti onígò. Ọmọ tó bá dì í mú láti fi dìde lè fà á lu ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ni ìwé ìlànà máa ń lò, wọn kò sì ṣeé fi rọ́pò ara wọn.

Gbé kalẹ̀ ni kí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí tábìlì. Gbé kọ́ ni kí a fi irin tí wọ́n ti dè mọ́ ògiri gbé e dúró. Kọ́ yìí ni ti “fi aṣọ kọ́”, kì í ṣe ti “kọ́ ilé” tàbí “kọ́ ẹ̀kọ́”. So mọ́ ni kí a fi okùn tàbí awọ líle de ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́ ògiri kí ó má baà ṣubú, bí ó tilẹ̀ wà lórí tábìlì. Bí ìwé bá ní kí a so ó mọ́ ògiri, tí ògbufọ̀ sì kọ “ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri”, ìkìlọ̀ náà ti sọnù. Kàn mọ́ pẹ̀lú kò tọ́: ìṣó la fi ń kan nǹkan, ìṣó kò sì lè gbé ẹ̀rọ yìí dúró.

10. Àpẹẹrẹ ìlò nínú ìtàkùrọ̀sọ

– Ẹ káàárọ̀ o, mọ́mì. Ẹ wọlé, ẹ wá wo ọjà.
– Káàárọ̀, ọmọ mi. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ni mo fẹ́, ti pálọ̀.
– Báwo ni àga yín ṣe jìnnà sí ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí tó?
– Kò ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ.
– 55 yóò dára fún yín, mọ́mì. LED rèé, OLED nìyí.
– Oòrùn máa ń wọ pálọ̀ mi. Èwo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù?
– Ẹ jẹ́ kí n tan méjèèjì, kí ẹ fojú ara yín rí i.
– Ó dáa. Bá mi yí ẹ̀yìn wọn síbí ná, kí n wo iye wáàtì tí wọ́n ń jẹ. Èló ni jálẹ̀?

Ẹ wo ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń lo ẹ àti yín, ó sì ń pe oníbàárà ní mọ́mì bí kò tilẹ̀ bí i. Ìyá náà dá a lóhùn ní “káàárọ̀” àti “bá mi”, láìsí ẹ, nítorí òun ni àgbà. “Èló ni jálẹ̀?” ni ìbéèrè tó ń fi hàn pé ìdúnàá-dúrà ti bẹ̀rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé oníbàárà ti gbà láti rà á.

Bí wọ́n bá fún yín ní irú ìtàkùrọ̀sọ yìí tàbí ìwé ìlànà láti túmọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà inú rẹ̀, kí ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n: igun dé igun, fífẹ̀, fóltì, wáàtì, àbí píkísẹ́lì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń wọn ohun kan náà gan-an.